Orúkọ Ohun Tí Kò Tíì Dé

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa kò dúró kí ẹlòmíràn bá wọn sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n wo àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, ó di amóhùnmáwòrán. Kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ ayárabíàṣá lẹ́nu àwọn oníròyìn, íntánẹ́ẹ̀tì di ayélujára. Ẹ wo àwọn orúkọ yìí dáadáa: odidi gbólóhùn ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èrò ẹni tó sọ wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ ohun tó rí lára rẹ̀: wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, òun kò rí àyè fèsì.

Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ wọn ti kanlẹ̀ kí a tó sọ wọ́n lórúkọ. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọjọ́ iwájú, nípa ìlú orí òṣùpá tàbí oúnjẹ tí kò ti oko wá, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó lóyún rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ orí wo nínú ìwé ni òǹkàwé yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, ẹnu ta ni yóò ti jáde, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé e. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì lójú mi, dídá orúkọ àti títo orí. Ìlú méjì ní Jámánì, Berlin àti Hamburg, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé tó gbé níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bí síbẹ̀, ti ń dán iṣẹ́ yìí wò, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣe sì sún mọ́ ilé wa ju bí a ti lè rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Marc-Uwe Kling, òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Berlin, gbé ìwé kan jáde ní 2017 tó pè ní QualityLand; ilé ìtẹ̀wé Ullstein, ní Berlin kan náà, ló tẹ̀ ẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè inú ìwé náà ni pé iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe nígbà tí wọ́n lóyún ọmọkùnrin ni ọmọ náà yóò fi ṣe orúkọ ìdílé. Ti ọmọbìnrin, iṣẹ́ ìyá ni. Orúkọ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí ni Peter Arbeitsloser. Arbeitsloser ni ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé kò tún ní láti ṣàlàyé bàbá Peter fún wa mọ́, tàbí ìlú tó sọ àìríṣẹ́ṣe di ogún, tàbí ojú tí òṣìṣẹ́ báńkì yóò fi wo ọmọ náà nígbà tó bá wọlé.

Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ yóò rántí ilé. Àyánwálé, Ọdẹ́wálé, Ògúndélé, Ọ̀jẹ́wùmí: iṣẹ́ ìdílé wà lórí àwọn orúkọ yìí. Àwọn ará Jámánì náà ní irú rẹ̀ láti ayébáyé. Müller ni ẹni tó ń lọ ọkà, Schmidt ni alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n bí Àyánwálé bá di dókítà lónìí, kò sẹ́ni tí yóò ní kó pa orúkọ rẹ̀ dà, nítorí Àyàn ju ìlù lọ: òrìṣà ni, agbo ilé ni, oríkì ni. Kling yọ òrìṣà kúrò, ó yọ agbo ilé kúrò, ó yọ oríkì kúrò, ó wá fi iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí nìkan sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré ló gbé kúrò níbi tí gbogbo wa dúró sí, ó sì ti dé ìlú tó ń bani lẹ́rù. Ọ̀nà tí mo gbà pé ó dára jù láti fi dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú nìyí: mú àṣà kan tó ṣì wà láàyè, yọ ohun kan kúrò lára rẹ̀, kí o wá wo irú ayé tí ìyókù yóò bí.

Bó ṣe to ìwé náà tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Láàárín orí kan sí èkejì, ó fi ìpolówó ọjà àti ìròyìn orílẹ̀-èdè náà há a, ibẹ̀ sì ni òǹkàwé ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìlú náà láìsí olùkọ́. Wọ́n tẹ ìwé náà ní oríṣi méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìtàn kan náà ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ ohun tó wà láàárín àwọn orí yàtọ̀ síra. Ohun tí Kling mọ̀ níbẹ̀, àwa náà mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun tó wọ ẹnu wa, ẹnu àwọn tó ń polówó ọjà lórí rédíò la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí a tó rí nǹkan náà fúnra rẹ̀ lójú.

Ní Berlin yìí kan náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Kling, ni Paul Scheerbart gbé. Wọ́n bí i sí Danzig ní 1863, ó kú sí Berlin ní 1915. Ní 1913 ó gbé Lesabéndio jáde, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lórí Pallas. Pallas fúnra rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: ọ̀kan ni nínú àwọn àpáta ńláńlá tó ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter, ọdún 1802 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i. Àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ nínú ìwé náà ni àròsọ. Ara wọn ń nà bíi rọ́bà, wọn kò ní ìyá, wọn kò ní bàbá. Inú èso eléèpo líle tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá sáyé. Bí wọ́n bá fọ́ èèpo náà, ìró tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀dá tuntun náà ló máa ń di orúkọ rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ní Biba, Peka, Labu, Dex àti Sofanti.

A mọ irú èyí. Ọmọ tó fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjó tàbí Àìná. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó, Dàda. Ọmọ ló mú orúkọ tọ̀run wá, òbí kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Scheerbart ti ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀ sí i, ó jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ ni pé orúkọ inú ìwé ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ ní òfin tó bí i, ì báà jẹ́ òǹkọ̀wé nìkan ló mọ òfin náà. Ẹrù tiwa tún wúwo sí i, nítorí ìró lásán ṣọ̀wọ́n nínú èdè olóhùn. Bí mo bá kọ Labu sílẹ̀ báyìí, òǹkàwé Yorùbá yóò bi mí pé àmì ohùn wo ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá sì fi àmì sí i, kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀. Kí a kúkú fi ìtumọ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Alfred Döblin. Wọ́n bí i sí Stettin ní 1878. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ìyá kó àwọn ọmọ wá sí Berlin ní 1888. Ó di dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ àti iṣan ara wọn ń yọ lẹ́nu, ó sì ń gba aláìsàn ní Frankfurter Allee, ní apá ìlà-oòrùn Berlin níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Ní 1924 ilé ìtẹ̀wé S. Fischer tẹ ìwé rẹ̀, Berge Meere und Giganten, èyíinì ni Àwọn Òkè, Àwọn Òkun àti Àwọn Òmìrán. Ìtàn náà gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kọjá, ó lọ jìnnà sí iwájú ìgbà tiwa. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ nínú ilé iṣẹ́ láìsí ilẹ̀ àti òjò, oko di ahoro, ọwọ́ ará ìlú sì dilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n la àwọn òkè oníná Iceland, wọ́n kó agbára wọn sínú òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ń pè ní tourmaline, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Greenland, wọ́n yọ́ yìnyín ibẹ̀. Àwọn ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀ jí, wọ́n ń dàgbà láìdúró, wọ́n sì dojú kọ Yúróòpù. Láti dá wọn dúró, àwọn onímọ̀ so ènìyàn, ẹranko àti igi pọ̀ mọ́ra di ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n gbé e dúró sí etí òkun. Turmmenschen ni Döblin pè wọ́n, àwọn ènìyàn ilé ìṣọ́.

Báwo ni èèyàn ṣe ń to irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹ̀dá tó lè wà láàyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Döblin pín in sí ìwé mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tirẹ̀ tó dúró ní àárín rẹ̀. Ogun ni ọ̀kan, Ogun Ural. Ọkùnrin ni òmíràn, Marduk, tó ń ṣe olórí Berlin. Ibì kan ni òmíràn, Iceland. Iṣẹ́ ni òmíràn, yíyọ́ yìnyín Greenland. Obìnrin ni èyí tó kẹ́yìn, Venaska. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó ń kọ ìtàn ọjọ́ iwájú tó gùn pé kó kọ orúkọ àwọn ìwé mẹ́sàn-án yẹn sílẹ̀ kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wọ́n fi hàn pé orí ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ akọni kan ṣoṣo. Òkè lè jẹ́ olórí ẹ̀dá ìtàn. Yìnyín náà lè jẹ́ ẹ.

Kí ẹ tún wo orúkọ Marduk. Döblin kò wá ìró àjèjì kan fún olórí Berlin ọjọ́ iwájú. Babiloni ló ti lọ mú un, níbi tí Marduk ti jẹ́ òrìṣà ńlá. Ohun tó jìnnà jù lẹ́yìn ló lò fún ohun tó jìnnà jù níwájú. Ọwọ́ wa kò ṣófo nínú irú èyí. Fágúnwà, òǹkọ̀wé wa, ti fún wa ní Òkè Láńgbòdó nínú ìtàn rẹ̀ láti 1938. Kí ló dé tí ìlú àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá bá tẹ̀ dó lórí òṣùpá nínú ìwé kò fi ní jẹ́ Láńgbòdó? Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ̀ pé ìrìn àjò tó le ni, pé àwọn tó lọ síbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó padà wá lọ.

Döblin sá kúrò ní Berlin ní oṣù Èrèlé 1933, lọ́jọ́ kejì tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì jóná. Ní oṣù Èbìbí ọdún náà, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dáná sun ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn mìíràn.

Lóde òní, dókítà ọpọlọ mìíràn tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tade Thompson ni orúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló dàgbà sí. Ìwé rẹ̀ Rosewater gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn náà, ní Nàìjíríà, ìlú tó sì fi ṣe orúkọ ìwé yí òrùlé ńlá kan ká tí ẹ̀dá àjèjì kọ́ síbẹ̀. Ìlú náà ń rùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó nítorí kò sí ọ̀nà ìdọ̀tí, làwọn ará ibẹ̀ bá sọ ọ́ ní Rosewater, èyíinì ni omi olóòórùn dídùn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń sọ ibùdókọ̀ lórúkọ yóò gbà pé Thompson gbọ́ ohùn ìlú kó tó kọ̀wé. Ó tún fi ibi àti ọdún ṣe àkọlé àwọn orí, ìsinsìnyí lọ́tọ̀, ìgbà yẹn lọ́tọ̀, ó ń gbé wọn gba ara wọn kọjá títí a ó fi mọ ohun tó sọ Kaaro, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, di irú ẹni tó jẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọdún 1929. Ní Èkó, ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń dúró de lẹ́tà tó kàn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn àròsọ ni. Ní Berlin, lọ́dún kan náà, Döblin gbé Berlin Alexanderplatz jáde, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n fi fíìmù Frau im Mond, Obìnrin inú Òṣùpá, han àwọn èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sinimá Ufa-Palast am Zoo. Thea von Harbou ló kọ ìtàn rẹ̀, Fritz Lang ọkọ rẹ̀ ló darí rẹ̀. Wọ́n pe Hermann Oberth, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, láti gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Inú fíìmù yìí ni kíka nọ́ńbà sẹ́yìn kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra ti di mímọ̀. Èrò Lang ni pé bí wọ́n bá ń ka láti oókan lọ sókè, òǹwòran kò ní mọ ibi tí wọn yóò dúró sí. Bí wọ́n bá kà á wá sílẹ̀ dé òfo, gbogbo ènìyàn yóò mọ ìgbà tó kù. Ọ̀rọ̀ ìfọkànsí òǹwòran ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Yorùbá kò ní láti yá a. Ẹ gbọ́ bí ọmọ wa ṣe ń kà á dé ogún: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (èyíinì ni ogún dín márùn-ún), mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, ogún. Márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, oókan, ó tán. A ń kà lọ sókè, ohun tó kù sì ń dín kù lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìwé Yorùbá tó bá ní rọ́kẹ́ẹ̀tì, orí ogún ló yẹ kó ti gbéra, kí orí tó sọ nípa rẹ̀ sì ní abala mẹ́fà, kúkurú sí kúkurú.

Harbou àti Lang ti ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Fíìmù wọn Metropolis, tí wọ́n fi hàn ní Berlin lọ́jọ́ 10 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1927, pín sí mẹ́ta, orúkọ orin ni wọ́n sì fún àwọn ìpín náà: ìṣíde, àárín eré, àti apá tó yára tó gbóná. Ẹni tó mọ bàtá mọ̀ pé kò yẹ kí gbogbo orí ìwé máa rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ó yẹ kí n fi kún un pé Harbou wọ ẹgbẹ́ Hitler nígbà tó yá, wọ́n sì ya àwòrán Obìnrin inú Òṣùpá sára rọ́kẹ́ẹ̀tì irú èyí tí Jámánì padà lò láti fi pa àwọn ará London àti Antwerp. Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú sílẹ̀ kò mọ ọwọ́ tí yóò bọ́ sí.

Hamburg ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1943, àwọn ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lu ìlú èbúté náà. Iná tó ṣẹ́ yọ jó àdúgbò Hammerbrook àti Hamm di eérú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ṣòfò. Àwọn òǹkọ̀wé méjì tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, ọmọ ìlú yẹn ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni Walter Jens, tí wọ́n bí ní 1923. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 27 nígbà tí ìwé rẹ̀ Nein. Die Welt der Angeklagten jáde ní 1950: Rárá. Ayé Àwọn Olùjẹ́jọ́. Nínú ayé yẹn, oríṣi ènìyàn mẹ́ta péré ló kù: olùjẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí àti adájọ́. Ẹ kíyè sí i pé Jens kò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló mú, ó yọ ilé ẹjọ́ kúrò nídìí wọn, ó sọ wọ́n di ipò tí ènìyàn wà láyé. Kí ìyá kan bi ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹlẹ́rìí ni àwọn òbí rẹ ni, àbí olùjẹ́jọ́?” Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ẹ̀rù ti dé. Mo gbà pé èyí ló le jù láti ṣe nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, òun ló sì ń pẹ́ jù lọ́kàn òǹkàwé.

Ẹnì kejì ni Arno Schmidt. Hamm yẹn gan-an ni wọ́n bí i sí ní 1914, ó sì fi Hamburg sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ìwé rẹ̀ Die Gelehrtenrepublik jáde ní 1957, ọdún 2008 sì ni ìtàn inú rẹ̀. Oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan kọjá ní aṣálẹ̀ tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ba ẹ̀dá ibẹ̀ jẹ́, ó dé erékùṣù kan tó ń léfòó, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. Ohun tó mú ìwé náà yàtọ̀ ni bí ó ṣe dé ọwọ́ wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le jù láti tẹ̀ jáde ní èdè alààyè, ni wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó ti kú. Èdè Jámánì ni èdè tó kú náà, nítorí ogun ti pa Jámánì rẹ́. Atúmọ̀ náà kò sì fẹ́ràn oníròyìn yìí: ní ìsàlẹ̀ ewé, ó ń ta kò ó, ó ń ṣàlàyé, ó ń bínú.

Ọmọ ìlú tó jóná ló kọ èdè ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè òkú. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí àwa náà ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ pé èdè wa ń lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ohun ìlò níbẹ̀ pẹ̀lú. Fágúnwà ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi ènìyàn sáàárín ìtàn àti òǹkàwé: Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìwé rẹ̀, ló ń rò, òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pé jọ láti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi atúmọ̀ Schmidt kún agbo náà. Ẹ ronú ìwé kan tí ẹni tó ń ṣàlàyé ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ wà ní ọdún 2300, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga ìgbà rẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ni, tó wá ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìgbà rẹ̀ ìdí tí gbogbo àdúgbò fi máa ń hó yèè nígbà tí iná NEPA bá dé. Àlàyé ìsàlẹ̀ ewé kan bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa 2300: iná kì í lọ níbẹ̀.

Ní 1960 Schmidt gbé KAFF auch Mare Crisium jáde. Ọkùnrin kan ń sọ ìtàn orí òṣùpá fún olólùfẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń lo ìgbà díẹ̀ ní abúlé, obìnrin náà sì ń dá sí i. Nínú ìwé títẹ̀, apá ọ̀tún ewé ni ìtàn òṣùpá wà, kí ojú lè mọ ibi tí a wà. A kì í pàlọ́ láìsí ẹni tó ń gbè é, nítorí náà kò yẹ kí irú orí bẹ́ẹ̀ ṣòro fún wa láti tò. Ìyá àgbà ń pàlọ́ òṣùpá, ọmọ ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ àjèjì kan jẹ́, òǹkàwé sì gbọ́ èsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Schmidt kì í fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Fún Zettel's Traum tó jáde ní 1970, nǹkan bíi pélébé ìwé 120,000 ló kọ ọ̀rọ̀ sí, tó tò sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Berlin. Angela àti Karlheinz Steinmüller, tọkọtaya, kọ Andymon ní ìlà-oòrùn Berlin ní 1982, nígbà tí ògiri ṣì pín ìlú náà sí méjì. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ dàgbà nínú ọkọ̀ òfuurufú láìsí òbí kankan. Róbọ́ọ̀tì ló tọ́ wọn. Ramma ni wọ́n ń pe róbọ́ọ̀tì náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ni, ó sún mọ́ màmá. Onímọ̀ ẹ̀rọ kankan kò lè sọ ọ́ lórúkọ tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹnu ẹni tó ń pe nǹkan ni kókó rẹ̀. Nínú ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ kan wà tí ohùn ẹni tó ti kú fi ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ lóhùn. Ìjọba pè é ní Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Ohùn Olóògbé, orúkọ náà kò sì jáde àfi lórí fọ́ọ̀mù. Àwọn ìyá ọlọ́jà pè é ní Bàbá-ń-dáhùn. Àwọn ọmọ wọn gé e kúrú, wọ́n ní Bàńdá. Fọ́ọ̀mù ìjọba wà ní orí kìn-ín-ní, ọjà wà ní orí kẹta, ọmọdé wà ní orí keje, nígbà tí ẹ̀rọ náà ti di ohun tí wọn kò bẹ̀rù mọ́. Bí orúkọ ṣe ń kúrú ni àkókò ń lọ. Kò sí ibì kan tí mo ti ní láti kọ ọ́ pé ogún ọdún ti kọjá.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò sílẹ̀, àwọn ọmọ náà sì lò ó. Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní èdè wa kò lè gbé irú ìtàn yìí. Ẹ kọ orí kan. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tuntun tó ju mẹ́ta lọ sínú rẹ̀, kí ẹ kà á sókè fún àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan, kí ẹ yọ èyí tí kò bá wọ ẹnu wọn. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá, ẹ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Akéde Èkó ti fún Sẹ̀gilọlá.